Bí Bátìrì Ọkọ̀ Oníná Bá Ń Dún Lẹ́yìn Omíyalé

Bí omi bá ti fà, ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí wọ́n padà sílé lọ wo ohun tó ṣẹ́ kù. Bí ọkọ̀ oníná, ìyẹn ọkọ̀ tó ń fi bátìrì rìn dípò bẹntiróòlù, bá wà nínú ọgbà yín tàbí ti aládùúgbò yín, tí omi sì wọ̀ ọ́, ẹ jọ̀wọ́ ka ìwé yìí kí ẹ tó wọlé. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kó sì wá gbiná nígbà tí gbogbo èèyàn ti rò pé ewu ti kọjá. Nígbà mìíràn, bátìrì á ti dún kí iná tó yọ. Ẹni tó bá mọ irú ìró náà lè ráyè kó àwọn ọmọ jáde.

Ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà

Bátìrì ọkọ̀ oníná kò rí bí ẹyọ kan tó máa ń wà níwájú ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù. Àpótí ńlá pẹlẹbẹ ni, abẹ́ ibi tí ẹ ń gbé ẹsẹ̀ lé nínú ọkọ̀ ló sì sábà máa ń wà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún bátìrì kéékèèké, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, ló wà nínú àpótí yẹn. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún. Agbára iná gbogbo wọn lápapọ̀ sábà máa ń tó nǹkan bí 400 fóòtì, bẹ́ẹ̀ iná tó ń wọ inú ilé wa kò ju nǹkan bí 230 lọ. Bí ẹ bá pa ọkọ̀, iná á kúrò nínú mọ́tò, ṣùgbọ́n kò ní kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì.

Wọ́n dí àpótí náà pa kí òjò àti omi ojú títì má baà wọ̀ ọ́. Wọn kò ṣe é fún pé kó wà nínú omi láti àárọ̀ dalẹ́. Omi iyọ̀ ló burú jù, irú bí omi òkun àti ti ọ̀sà, nítorí pé iná máa ń tètè gba inú omi iyọ̀ kọjá. Bí omi náà bá gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́ kù síbẹ̀, bó ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Iyọ̀ àti ẹrẹ̀ yìí á wá so àwọn ibi tí kò yẹ kó kanra pọ̀ mọ́ra, iná á máa gba ibẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ á sì máa gbóná. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi lè gbiná lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti gbẹ tán. Kí ẹ̀yin tí ilé yín wà létí òkun tàbí létí ọ̀sà, láti Ajah dé Ayétòrò, fiyè sí èyí dáadáa. Ewu omi odò kò tó ti omi òkun, àmọ́ omíyalé máa ń kó ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí wọlé, nítorí náà ẹ má ṣe fọkàn balẹ̀ sí òun náà.

Ìró mẹ́ta tó yẹ ká sá fún

Ó ń hó. Ìró yìí dà bí ìgbà tí ẹ̀kọ bá ń hó lórí iná, gbulugbulu. Ó lè jẹ́ pé iná ń sọ omi tó wọ inú àpótí di afẹ́fẹ́, ó sì lè jẹ́ pé kẹ́míkà inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ló ń hó nítorí ooru.

Ó ń ṣe ṣììì. Ìró yìí dà bí afẹ́fẹ́ tó ń jò lára táyà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá gbóná jù, afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, á wá já ọ̀nà jáde. Afẹ́fẹ́ yẹn lè gbiná, májèlé sì ni.

Ó ń ta. Ìró yìí dà bí àgbàdo tó ń di gúgúrú nínú ìkòkò: pá, pá, pá. Sẹ́ẹ̀lì ló ń bẹ́. Bí ọ̀kan bá ti bẹ́, ooru rẹ̀ á ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà á sì ran òmíràn.

Nígbà mìíràn, òórùn ló máa ń kọ́kọ́ jáde, tó máa ń ta sánsán bíi ti nǹkan tí àwọn obìnrin fi ń nu kùtẹ́ẹ̀sì kúrò léèékánná. Bí ẹ bá rí èéfín funfun tó ń jáde lábẹ́ ọkọ̀, ẹ má ṣe rò pé oòrùn ló ń fa omi gbẹ. Afẹ́fẹ́ májèlé kan náà ni. Láti ìgbà tí ìró bá bẹ̀rẹ̀ sí ìgbà tí iná á fi sọ lè máà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ìró tí kì í ṣe ewu

Ọkọ̀ oníná tí omi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà máa ń dún. Bí ẹ bá tan án tàbí tí ẹ fi sẹ́nu iná, ẹ lè gbọ́ kọ́! lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Súìsì ńlá tó ń so bátìrì mọ́ ọkọ̀ nìyẹn. Bó bá ń gba iná lọ́wọ́, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn nínú oòrùn, fáànù àti pọ́ọ̀ǹpù tó ń mú bátìrì tutù lè máa kùn bí oyin, kódà lẹ́yìn tí ẹ ti pa á. Irú ìró bẹ́ẹ̀ máa ń ní ohun tó fà á, ó sì máa ń dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹrẹ̀ bá wà lára ọkọ̀ náà dé abẹ́ ilẹ̀kùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣe dúró láti yanjú irú ìró tó jẹ́. Ìró èyíkéyìí tó bá jáde lábẹ́ rẹ̀, ẹ kà á sí ewu.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn

Ní 28 September 2022, ìjì Ian kọ lu gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, omi òkun sì ya wọ àwọn ìlú etíkun. Ọkọ̀ oníná tí omi náà bà jẹ́ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, nǹkan bí 36 nínú wọn ló sì gbiná. Àwọn kan gbiná nígbà tí wọ́n ń fà wọ́n lọ lẹ́yìn tí omi ti lọ, ilé sì jóná mọ́ àwọn kan. Bí a bá wo iye ọkọ̀ tí omi wọ̀, èyí tó gbiná kò pọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó lè fojú lásán mọ èyí tó máa gbiná.

Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìyẹn, nígbà ìjì Sandy ní 2012, ọkọ̀ Fisker Karma 16 jóná ní èbúté Newark lẹ́yìn tí omi iyọ̀ bò wọ́n. Ara ọ̀kan ṣoṣo ni iná ti bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn ló gbé e dé ara àwọn yòókù, nítorí pé wọ́n wà nítòsí ara wọn.

Ohun tí ẹ máa ṣe

1. Ẹ má ṣe tan ọkọ̀ tí omi wọ̀, ẹ má sì fi sẹ́nu iná láti dán an wò.

2. Bí ó bá dákẹ́, tí kò gbóná, tí kò sì sí òórùn, ẹ ní kí àwọn tó ń fa ọkọ̀ gbé e lọ sí gbangba. Kó jìnnà sí ilé, ọkọ̀ mìíràn àti ohunkóhun tó lè jó ní ẹsẹ̀ bàtà 50, ìyẹn nǹkan bí mítà 15. Ẹ sọ fún wọn pé bátìrì ló ń lò àti pé omi wọ̀ ọ́.

3. Bí kò bá tíì ṣeé gbé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sùn nínú rẹ̀, tàbí nínú yàrá tó kángun sí i.

4. Bí ó bá ń dún, ẹ má ṣe ṣí i, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ kó gbogbo èèyàn jáde, ẹ gba apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá kí èéfín má baà bá yín, kí ẹ sì pe àwọn panápaná. Ní Èkó, ẹ pe 767 tàbí 112. 112 ni ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Ẹ sọ pé ọkọ̀ oníná ni.

5. Ẹ má ṣe bu omi sí i pẹ̀lú garawa. Iná náà wà nínú àpótí tí omi yín kò lè dé, ó sì lè tún sọ lẹ́yìn wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan.

6. Kí mẹkáníìkì tí kò kọ́ nípa ọkọ̀ oníná má ṣe tú u. Wáyà aláwọ̀ ọsàn lára rẹ̀ lè pa èèyàn.

7. Ẹ dúró lókèèrè ya fọ́tò ọkọ̀ náà àti ibi tí omi dé lára rẹ̀. Ìwé ìbánigbófò tó kéré jù, èyí tí wọ́n ń pè ní third party, kì í san owó ọkọ̀ tiyín tí omi bà jẹ́. Bí tiyín bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bi wọ́n bóyá omíyalé wà nínú rẹ̀.

Ọ̀kadà oníná, inverter àti power bank

Bátìrì lithium kan náà ló wà nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, ìró mẹ́ta yẹn sì kàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ wa ti mọ bátìrì olómi, tó máa ń hó díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná. Ti ìyẹn kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Bí bátìrì lithium bá ń hó, ewu ni. Bí èyí tó wà nínú ilé yín bá ti wú, tó gbóná tàbí tó ń dún, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ jáde. Bí ó bá tutù tó sì dákẹ́, kí oníṣẹ́ iná tú u kúrò, kó gbé e síta jìnnà sí ògiri. Ẹ má ṣe gbé e wá sí ibùdó tí ẹ ń sùn, bó ti wù kí ẹ nílò iná tó.