Wáyà Ló Ṣẹ̀, Kọ̀ǹpútà Ni Wọ́n Ń Bú

Owó píkọ́ọ̀pù F-150 tuntun ti Ford tó pé dáadáa ní Amẹ́ríkà lè kọjá 60,000 dọ́là. Ẹni tó bá san irú owó bẹ́ẹ̀ kò retí pé kí bátìrì kú sí òun lọ́wọ́ láàárọ̀ kùtù, kò sì retí kí háńbúréèkì di táyà mú nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Àmọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tó ra píkọ́ọ̀pù tuntun ń mú wá: wáípà tí kò dáhùn nínú òjò, sítíárì tó le koko lójijì, iná ìkìlọ̀ mẹ́rin márùn-ún tó tàn pa pọ̀ lójú dáṣíbọọ̀dù. Èsì tó sì máa ń yá lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé kọ̀ǹpútà ti pọ̀ jù nínú ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá tú ẹjọ́ wọ̀nyí palẹ̀, ohun tí a sábà máa ń bá nídìí wọn ni ohun tí gbogbo ríwáyà ti mọ̀ tipẹ́: wáyà tó bó, ẹ́ẹ̀tì tí kò mú dáadáa, bátìrì tí agbára rẹ̀ ti wálẹ̀. Àrùn náà kò yí padà. Ibi tó ti ń fara hàn ló yí padà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ háńbúréèkì yẹn. Ní oṣù keje ọdún 2023, Ford pe F-150 tó lé ní 870,000 padà, àwọn ti ọdún 2021 sí 2023 tí sàlẹ́ńsà wọn jẹ́ ẹyọ kan. Háńbúréèkì wọn kì í ṣe onírin tí à ń fọwọ́ fà. Mọ́tò kékeré oníná ló ń mú un ṣiṣẹ́. Ìdì wáyà tó lọ síbẹ̀ gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá lẹ́bàá irin ńlá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ó sì lè máa fara kàn án. Gbogbo ìgbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò ni irin náà ń lọ sókè, tó ń wá sílẹ̀, tó sì ń ha wáyà. Téépù ló máa kọ́kọ́ jẹ, ó kan rọ́bà, ó wá kan kọ́pà. Ọjọ́ tí kọ́pà bá yọjú tó sì kan irin, wáyà bíríìjì nìyẹn, háńbúréèkì á sì mú bí ẹni pé awakọ̀ ló ní kó mú. Nínú ẹ̀sùn tó dé etí ilé-iṣẹ́ náà, 299 ni háńbúréèkì ti mú láìjẹ́ pé wọ́n ní kó mú, 19 nínú wọn sì ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ìrìn. Kí ni wọ́n fi tún un ṣe? Bí wáyà kò bá tíì bó, téépù tuntun àti ìdè kan ni, kí ó má baà kan irin mọ́. Èyí tó ti bó nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan tó ṣìṣe níbẹ̀.

Báwo wá ni ẹ̀ṣẹ̀ wáyà kan ṣe ń hàn lára nǹkan mẹ́wàá? Láyé àtijọ́, iná kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀ tó wá láti ojú súwíìṣì. Bí iná ẹ̀yìn bá kú, ọ̀nà iná ẹ̀yìn ni ríwáyà máa tọ̀. Ní ọdún 1986, ilé-iṣẹ́ Bosch ti Jámánì gbé ọgbọ́n kan jáde tí wọ́n pè ní CAN: wáyà méjì péré tí wọ́n lọ́ mọ́ra, tí gbogbo bíréènì, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké inú ọkọ̀, ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó dín kọ́pà kù, ó sì dín ìwọ̀n ọkọ̀ kù. Ṣùgbọ́n ó sọ ọkọ̀ di agbo ilé tí gbogbo ìdílé ń pọnmi nínú kànga kan ṣoṣo: ibi yòówù kí ẹrẹ̀ ti wọ̀ ọ́, gbogbo ilé ló máa bu omi ẹrẹ̀. Bíréènì tí omi wọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ lè da ọ̀rọ̀ rú fún èyí tó ń mójú tó jíà, kí iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì sì tàn nígbà tí kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àyẹ̀wò ibẹ̀ kò le. Orí méjèèjì wáyà yẹn ní ìdènà iná tó jẹ́ óòmù 120 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá yọ orí bátìrì, tí a fi mítà wọn àárín wáyà méjèèjì, óòmù 60 ló yẹ kó hàn. Bí ó bá jẹ́ 120, ọ̀nà kan ti já. Bí ó bá sún mọ́ òdo, méjèèjì ti kan ara wọn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọ́kíṣọ́ọ̀bù ló máa ń yára pààrọ̀ bíréènì olówó gọbọi kí wọ́n tó gbé mítà. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ti bátìrì tún gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá pa píkọ́ọ̀pù òde òní tí a sì ti ilẹ̀kùn, kì í kú tán. Bíréènì tó ń dúró de kọ́kọ́rọ́ ṣì ń ṣọ́, èyí tó ń bá fóònù onílé sọ̀rọ̀ ṣì lajú, kí wọ́n tó máa sùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí gbogbo wọn bá sùn, nǹkan bíi mílíáńpíà 50 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fà. Bátìrì áńpíà-wákàtí 70 lè bọ́ ìyẹn fún ọjọ́ 58 lórí ìwé. Àmọ́ bí ẹyọ kan bá kọ̀ tí kò sùn, tó ń fa áńpíà méjì, wákàtí 35 ló tó láti fa bátìrì náà gbẹ pátápátá. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò ní sítáàtì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. (Àwọn onímọ́tò náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀ o: kámẹ́rà, iná àfikún àti ẹ̀rọ orin tí wọ́n gé wáyà láti fi sí i kì í mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sùn.) Kí bátìrì sì tó kú tán, ó ti máa dá oríṣiríṣi àrà. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ GM pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà, píkọ́ọ̀pù Silverado àti Sierra ti 2015 wà nínú wọn, torí pé bí agbára iná bá wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìrànlọ́wọ́ tí sítíárì ń rí gbà á lọ, á sì tún dé lójijì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Ford pe 456,565 Maverick àti Bronco Sport padà, nítorí pé bíréènì wọn kì í mọ̀ bí agbára bátìrì bá ti wálẹ̀, tí ọkọ̀ fi lè kú lójú ọ̀nà.

Ẹnì kan á ní èmi náà ti jẹ́wọ́ báyìí pé kọ̀ǹpútà jẹ̀bi. Ó jẹ̀bi níbi tó ti jẹ̀bi. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n pe píkọ́ọ̀pù Ram 1500 bíi mílíọ̀nù 1.2 padà nítorí sọ́fítíwíà tó lè pa ètò tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ kúrò lójú títì. Àṣìṣe sọ́fítíwíà gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n irú àṣìṣe yìí kan náà ló wà nínú gbogbo ọkọ̀ tó ní sọ́fítíwíà yẹn. Tí wọ́n bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan, àtúnṣe kan náà ló wo gbogbo wọn sàn. Wáyà tó ń bó kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ lónìí, kò ṣẹlẹ̀ lọ́la, kì í sì í ṣẹlẹ̀ lójú mẹkáníìkì. Òun ló ń sọ onímọ́tò di èrò wọ́kíṣọ́ọ̀bù.

Àtakò kejì ló gbajúmọ̀ jù: pé kí á kúkú padà sí píkọ́ọ̀pù àtijọ́. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé súwíìṣì kan tó wà nínú ọ̀pọ̀ Ford, F-150 ìgbà náà wà lára wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa ẹ̀rọ tó ń di ìyára ọkọ̀ mú bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì gan-an. Omi bíréèkì wà ní apá kan rẹ̀, iná wà ní apá kejì, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló dá wọn sí méjì. Awọ náà máa ń sán, omi á jò sí ibi tí iná wà, iná yẹn kì í sì í kú bí a bá yọ kọ́kọ́rọ́. Súwíìṣì á gbóná títí á fi gbiná, ọkọ̀ á sì jó níbi tí wọ́n gbé e sí tí ẹnikẹ́ni kò sí nínú rẹ̀. Láàárín 1999 sí 2009, ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 14 ni Ford pè padà nítorí rẹ̀. Kò sí bíréènì kankan nínú ẹjọ́ yẹn. Ètò tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀, tí Amẹ́ríkà sọ di dandan fún ọkọ̀ kéékèèké láti ti ọdún 2012, kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí bíréènì. Ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ gbogbo kọ̀ǹpútà kúrò, ẹ̀mí ló ń fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ nílé náà. Lẹ́tà tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ padà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ló ń lọ bá. Bí ọkọ̀ bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó, lẹ́tà kò mọ̀ ọ́n mọ́. Àjọ NHTSA, tó ń mójú tó ààbò ojú pópó níbẹ̀, ní ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tó ní àmì 17 wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ láti mọ èyí tí wọn kò tíì tún ṣe. Bí ó bá jẹ́ ti wáyà tó ń ha irin, ríwáyà tó dáńtọ́ ní ọjà Ladipo lè yẹ̀ ẹ́ wò kí ó sì wé e. Èyí tó bá jẹ́ ti sọ́fítíwíà ń fẹ́ irinṣẹ́ àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà, ó sì yẹ kí olùrà ti yọ owó rẹ̀ kúrò kó tó dúnàá-dúrà tán.