Ilé là ń wò: ìbàdí àwọn ọmọbìnrin wa

Àwọn baba ńlá wa kì í sọ ọmọ lórúkọ lásán. Ọmọ tí ó bá mú ẹsẹ̀ wáyé, Ìgè ni wọ́n ń pè é. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, a ṣì ń jẹ́ orúkọ náà, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a bèèrè ohun tí irú ìbí bẹ́ẹ̀ lè fi sílẹ̀ lára ọmọ.

A ní akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan rí tí ó ń tiro. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ayé ni. Nígbà tí a wádìí, a gbọ́ pé ìyá bàbá rẹ̀ ti tiro rí, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin náà sì ń tiro. Kò sí ẹni tí ó so ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún 13 kí dókítà tó ya fọ́tò egungun rẹ̀.

Àìsàn náà ni àwọn Faransé ń pè ní « dysplasie de la hanche ». Orí egungun itan rí roboto; ihò kan bí igbá kékeré ló gbà á ní ìbàdí. Bí ihò náà kò bá jinlẹ̀ tó, orí egungun lè yẹ̀ kúrò. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, oríkèé náà yóò máa jẹ, ìrora yóò sì dé bá obìnrin kí ó tó darúgbó.

Bí ọmọkùnrin kan bá ní in, ọmọbìnrin bíi mẹ́rin ló ń ní in. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn rò pé hòmóònù tí ń mú iṣan ìyá rọ̀ fún ìrọbí ń rọ iṣan ọmọbìnrin inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀jẹ̀ ìdílé náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1970, oníṣègùn Ruth Wynne-Davies fi hàn pé bí òbí tí ara wọn dá bá ti bí ọmọ kan tí ó ní in, ewu ọmọ tí ó tẹ̀lé e tó 6 nínú 100. Bí òbí kan bá ní in, 12. Bí òbí kan àti ọmọ kan bá ní in, 36. Kì í ṣe jíìnì kan ṣoṣo ló ń fà á. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n, GDF5 tí ń bá wọn mọ oríkèé sì wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n àjogúnbá kì í ṣe ìdájọ́. Nígbà tí a bá fi ọ̀já pọn ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yà, orúnkún rẹ̀ á ká, orí egungun á sì jókòó sí àyè rẹ̀. Ní Japan, láti nǹkan bí ọdún 1975, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ìyá kí wọ́n má ṣe na ẹsẹ̀ ọmọ tuntun kí wọ́n sì dì í pinpin mọ́; àìsàn náà sì dín kù gidigidi. Nítorí náà, ẹ má ju ọ̀já nù, ẹ má sì fa ẹsẹ̀ ọmọ tuntun nà tipátipá nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, ẹ bi àwọn ìyá àgbà yín léèrè: ta ló tiro nínú ilé wa? Ta ni Ìgè? Ẹ sọ ìdáhùn náà fún agbẹ̀bí. Ẹ̀rọ « échographie » lè rí ìbàdí ọmọ ní ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà. Kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà, ìgbànú aṣọ lásán lè tún un ṣe láìsí iṣẹ́ abẹ.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé kan náà kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.