ÀYẸ̀WÒ Ẹ̀JẸ̀: TA NI YÓÒ PA ÀṢÍRÍ MỌ́?

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ ilẹ̀ wa lónìí, a kì í so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn wá. Ète náà dára, a kò sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣọ́ òru ti ọmọ tí fòníkú-fọ̀ladìde ń dá lóró nínú eegun mọ ìdí rẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Ara irú wọn a máa dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS, tí í ṣe àrùn náà gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ọwọ́ ta ni ìwé náà ń gbé?

Àwọn ọmọ baba wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà gbé ẹ̀jẹ̀ kan náà lọ. Ní 1968, ọ̀jọ̀gbọ́n Linus Pauling, ẹni tí ó ti kọ̀wé ní 1949 lórí orírun àrùn yìí, dábàá pé kí a fín àmì sí iwájú orí ọ̀dọ́ tí ó bá jẹ́ AS, kí irú wọn má baà fẹ́ ara wọn. A kò fín in. Ṣùgbọ́n láìpẹ́, ìpínlẹ̀ púpọ̀ sọ àyẹ̀wò di tipátipá. Òfin mìíràn kò tilẹ̀ mọ ìyàtọ̀ AS àti SS. A fi iṣẹ́ du ẹni tí ara rẹ̀ le. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun òfuurufú kò sì gbà wọ́n títí di 1981. Òfin 1972 ní kí àyẹ̀wò tí a fi owó ìjọba àpapọ̀ ṣe jẹ́ ti ìfẹ́-inú. Ti 2008 sì ká agbanisíṣẹ́ àti adójútòfò ìlera lọ́wọ́ kò.

Ẹ̀yin ará, bí a bá ka ìwé ọmọbìnrin kan níwájú ìgbìmọ̀, tí ó sì dé etí ẹgbẹ́ akọrin kí alẹ́ tó lẹ́, tí wọ́n ń pè é ní ẹlẹ́jẹ̀ búburú, kí ni a fi yàtọ̀ sí ẹni tí ń fín àmì sí iwájú orí? Òfin Ìlera wa ti 2014 pàápàá sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn.

Nítorí náà, kí àwọn òbí mú ọmọ wọn lọ ṣe àyẹ̀wò kí ìfẹ́ tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn, kí wọ́n sì tún un ṣe níbòmíràn, nítorí àṣìṣe a máa wà. Kí olúwarẹ̀ fúnra rẹ̀ máa tọ́jú ìwé náà. Kí àlùfáà gbà á nímọ̀ràn ní ìkọ̀kọ̀. Kí a sì tu àwọn tí àfẹ́sọ́nà wọn bá túká nínú. Ọ̀rọ̀ bí ẹyin ni, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Àwọn ọmọ Nóà tí ó bo ìhòòhò baba wọn ni a súre fún, kì í ṣe èyí tí ó jáde lọ ròyìn rẹ̀.