Aago Amẹ́ríkà, Oúnjẹ Alẹ́ ní Ìṣẹ́

Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì lẹ ń gbọ́ yẹn, ẹ bá mi fara dà á. Ọ̀rọ̀ aago la fẹ́ sọ lónìí.

Ìṣẹ́ Èkìtì ni mo ń gbé, mo sì ń bá iléeṣẹ́ kan ní San Francisco kọ software. Aago mẹ́wàá àárọ̀ tiwọn ni mítìn wa, ìyẹn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwa. Tó bá fi máa di aago méje, mo ti pa láptọ́ọ̀pù dé, èmi àti ọmọ mi obìnrin á jẹun, màá sì bá a wo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ìlérí tí mo ṣe fún ìyá rẹ̀ nìyẹn nígbà tí mo gba iṣẹ́ náà.

Ó wá di ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kọkànlá. Álààmù fóònù mi dún ní aago mẹ́fà, mo wọlé sí mítìn, mi ò bá ẹnikẹ́ni. Aago méje ni wọ́n tó dé. Ìyàwó mi gbé iyán dání lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Wọ́n ti yí aago padà ni." Ó wo aago ara ògiri, ó wò mí. "Ta ló yí i? Tiwa ò yí."

Òótọ́ ló sọ. Ní Amẹ́ríkà, ojúmọ́ máa ń gùn gan-an nígbà ooru, á sì kúrú nígbà òtútù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti aago síwájú ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta, tí wọ́n á sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá. Ọ̀sán àti òru tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yípo ọdún, kò sóhun tá a fẹ́ fìyẹn ṣe. Nítorí náà, San Francisco máa ń fi wákàtí 8 wà lẹ́yìn wa, á wá di 9 nígbà òtútù. New York á kúrò ní 5, á bọ́ sí 6.

Odindi oṣù kan ni ọmọ mi fi ń sùn kí n tó jáde. Ìyàwó mi wá bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Ṣé àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀ mọ̀ pé o bímọ?"

Wọn ò mọ̀. Mo ta kọ́tìnì sẹ́yìn mi. Bí màmá mi bá pè mí, màá pa makirofóònù. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má sọ pé ará Nàìjíríà yìí ò ráyè iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ owó yẹn la fi ń san owó ilé ìwé àwọn àbúrò mi.

Mo kọ ìlà mẹ́ta sí ọ̀gá mi. Kó tó fèsì, ẹnì kan tó ń gbé ní Berlin, ní Jámánì, ti dá sí i: ọmọ méjì lòun náà ní, aago méje alẹ́ sì ni mítìn yẹn ń bọ́ sí fóun fẹ́rẹ̀ẹ́ jálẹ̀ ọdún, torí wọ́n ń yí aago tiwọn náà. Kò sọ ọ́ rí! A gbé mítìn sí aago mẹ́jọ àárọ̀ San Francisco. Ẹnì kan níbẹ̀ ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé lásìkò yẹn, nítorí náà ó máa ń fi ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ránṣẹ́ ní kíkọ.

Bí ẹ bá ń lo Google Calendar lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi àgbègbè aago kejì kún tiyín, àgbègbè aago tiwọn ni kẹ́ ẹ sì yàn. Á máa yí fúnra rẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé álààmù bíi tèmi.

Iṣẹ́ ará Ìṣẹ́ ti ń dé òkè òkun tipẹ́ o. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ dé ibi ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, British Museum ló sì wà di òní. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ti Lọ́ńdọ̀nù pe Ọlọ́wẹ̀ nídìí iyán.

Nílé ńkọ́? Aṣọ pupa ni mo ń so mọ́ ilẹ̀kùn bí mo bá ń ṣiṣẹ́. Màmá mi ṣì máa ń kan ilẹ̀kùn: "Ṣé o ò tíì tẹ̀ ẹ́ tán ni?"

Lóṣù kọkànlá tó ń bọ̀, mítìn á kúrò ní aago mẹ́rin, á bọ́ sí márùn-ún. Mo ti sọ fún ìyàwó mi lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ mi ní kí n jí òun lóru ọjọ́ náà, òun fẹ́ rí ẹni tó máa ń yí i.