Nọ́ńbà Ara Páálí Kọ́ Ló Ń Ríran

Ẹ̀sùn kan náà ló ń wá lọ́dọ̀ àwọn òǹkàwé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí: wọ́n ra tẹlisíkóòpù, wọ́n gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ní Andromeda, gálásì kan (agbo ìràwọ̀ tó jìnnà réré), wà, òkùnkùn birimù ni wọ́n rí. Àwọn kan ti gbà pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́, wọ́n sì fẹ́ gbé e fún oníṣẹ́ kó tú u. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú nǹkan kan. N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé e dúró. Ìwé inú páálí ti sọ ìyẹn. Ohun tó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà ni nọ́ńbà gàdàgbà tó wà lára páálí: 525. Ẹni tó tà á sọ pé ìlọ́po 525 ni ẹ̀rọ náà fi ń sọ nǹkan di ńlá, oníbàárà sì gbà pé bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀rọ ṣe lágbára tó. Fún ohun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òtítọ́.

Ẹ jẹ́ ká tú nọ́ńbà náà wò. Ẹnu irú tẹlisíkóòpù bẹ́ẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 70, lẹ́ńsì iwájú rẹ̀ sì ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan ní mìlímítà 700 sẹ́yìn. Bí a bá fi lẹ́ńsì ojú oní-mìlímítà 25 sí i, a ó fi 25 pín 700, ìlọ́po 28 nìyẹn. Bí a bá fi ti mìlímítà 4 sí i, ó di 175. Bí a bá tún ki lẹ́ńsì tó ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta bọ àárín, ó di 525. Ìṣirò náà pé. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó gba ẹnu mìlímítà 70 wọlé kò fi bíńtín lé sí i. Ìmọ́lẹ̀ kan náà la wá tẹ́ sórí àwòrán tó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní bíi ìlọ́po 19 ní ìbú àti bíi 19 ní òró, ibi kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ a sì fi ìlọ́po bíi 350 ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi tí a bù lé ọbẹ̀ ń mú ìkòkò kún, kò fi ata kún un.

Ẹlòmíràn yóò béèrè pé kí ló dé tí òṣùpá kì í fi í pòórá bí a bá sọ ọ́ di ńlá. Òṣùpá ní ìmọ́lẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, a lè ná nínú rẹ̀. Ìràwọ̀ tún yàtọ̀: ó jìnnà débi pé ojú kan bíńtín ló jẹ́, nítorí náà gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ẹnu mìlímítà 70 kó jọ, tó tó ìlọ́po 100 èyí tí ọmọlójú ọ̀dọ́ ń gbà lóru, ojú kan náà ló ń bọ́ sí, ìràwọ̀ a sì tàn yanran. Gálásì àti nẹ́búlà (ìkùukùu gáàsì àti eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀) kì í ṣe ojú kan. Kùrukùru tó tẹ́ rẹrẹ ni wọ́n lójú wa. Kò sí tẹlisíkóòpù, bó ti wù kó wọ́n tó, tó lè mú kí ibi kọ̀ọ̀kan lára wọn mọ́lẹ̀ ju bí ojú lásán ti ń rí i lọ. Ohun tó lè ṣe ni kó sọ wọ́n di ńlá láìjẹ́ kí wọ́n ṣú, nítorí ojú ènìyàn a máa tètè rí ohun bàìbàì tó fẹ̀ ju èyí tó kéré lọ. Ẹnu tó fẹ̀ ló ń fúnni láǹfààní yìí: láìdín mímọ́lẹ̀ kù, ẹnu mìlímítà 70 lè sọ àwòrán di ìlọ́po 10, ti 200 lè sọ ọ́ di bíi 28.

Ṣé irọ́ wá ni àwòrán aláwọ̀ mèremère tó wà lára páálí? Kámẹ́rà ló yà á. Kámẹ́rà lè lajú sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, kó máa to ìmọ́lẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀. Ojú wa kì í tọ́jú ìmọ́lẹ̀ pamọ́, apá tó sì fi ń ríran nínú òkùnkùn kì í mọ àwọ̀. Àwọ̀ eérú ni ẹ ó rí. Lọ́dún 1845 ni onímọ̀ ìràwọ̀ William Parsons kọ́kọ́ rí i ní Ireland pé gálásì M51 ní apá tó lọ́ yíká, jígí tẹlisíkóòpù tó fi rí i sì fẹ̀ tó mítà 1.8. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí irú rẹ̀ fún ẹni tó ra mìlímítà 70. Síbẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kì í ṣe ohun àbùkù. Tẹlisíkóòpù kéékèèké ni onímọ̀ ìràwọ̀ Charles Messier lò ní Páríìsì, ìwé tó sì gbé jáde lọ́dún 1781 to 103 irú ohun bàìbàì bẹ́ẹ̀ jọ. Ohun tó ní tó wọ́n wa ni òkùnkùn: kò tíì sí iná mànàmáná nígbà náà.

Òkùnkùn yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣeré. Iná orí ògiri àti ti ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, pẹ̀lú eruku ọyẹ́ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ wọn ká ojú ọ̀run, a máa bo kùrukùru náà mọ́lẹ̀. Alẹ́ tí wọ́n mú iná lọ, tí òṣùpá kò sí, tí òjò sì ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run ni kí ẹ lò. Ojú nílò 20 sí 30 ìṣẹ́jú nínú òkùnkùn kó tó mú dáadáa. Ẹni tó bá tan fóònù láàárín kan ti ba iṣẹ́ jẹ́, kó tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì tẹjú mọ́ ọn gan-an, nítorí àárín ojú kò ríran lóru. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, yóò yọ. Lẹ́ńsì mìlímítà 25 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Andromeda fẹ̀ ní ìbú tó òṣùpá mẹ́fà lójú ọ̀run, ìlọ́po 525 kò lè fi ju kínún lára rẹ̀ hàn.

Ọ̀rọ̀ ṣì kù lórí jígí àti lẹ́ńsì, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ló ká mi lára jù. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ béèrè bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Bí 525 ni ọlọ́jà bá fi dáhùn, ẹ fowó yín sápò. Ẹ má fi etí aṣọ nu lẹ́ńsì: yanrìn wà nínú eruku ọyẹ́, yóò ha á. Ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ kankan tú lẹ́ńsì iwájú: gíláàsì méjì ló wà níbẹ̀, bó bá dá ọ̀kan padà lódì, àwòrán kò ní dán mọ́, yóò sì tún gbowó lọ́wọ́ yín. Ẹ má kọjú ẹ̀rọ yìí sí oòrùn láé. Gíláàsì dúdú kékeré tí wọ́n ní kí a dè mọ́ lẹ́ńsì ojú láti fi wo oòrùn, gbogbo ooru tí ẹnu ẹ̀rọ kó jọ ló ń bọ́ lé e lórí. Ó lè là lójijì, ojú a sì fọ́ kí ẹni náà tó gbórí kúrò. Bó bá wà nínú páálí yín, ẹ fọ́ ọ, ẹ sọ ọ́ nù lónìí, kí ọmọdé tó rí i.