Ṣé O Mọ̀? Katenka, Petenka, àti Owó Tí Ọba Rọ́ṣíà Fi Sílẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà kan wà ní Rọ́ṣíà tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ san ọgọ́rùn-ún rúbù ní láti wá kẹ̀kẹ́ ẹṣin? Owó bàbà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ aráàlú nígbà ayé Ọbabìnrin Catherine Kejì, rúbù kan nínú rẹ̀ sì wúwo tó nǹkan bíi kílò kan. Bó o bá ta ẹṣin rẹ lọ́jà, àfi kó o tún wá ẹṣin mìíràn tí yóò bá ọ gbé owó rẹ̀ délé.

Lọ́dún 1768, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Rọ́ṣíà àti Tọ́kì. Ogun kò ṣeé fi kẹ̀kẹ́ ẹrù bàbà jà. Lọ́dún 1769, owó bébà àkọ́kọ́ jáde: rúbù 25, 50, 75 àti 100. Kò ní àwọ̀ mèremère. Bébà funfun ni, ọ̀rọ̀ dúdú, àti ìbuwọ́lùwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ọwọ́ ara wọn kọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, wàá rí ọ̀rọ̀ tó fara pa mọ́ sétí bébà náà, tó ń sọ nípa ìfẹ́ ilẹ̀ baba ẹni àti àǹfààní tó ń ṣe fún ilẹ̀ náà. Ẹni tó ń wá owó ogun kiri ló kúkú ń sọ̀rọ̀.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹni tó bá rí rúbù 75 lónìí, ó rí nǹkan. Kò pẹ́ táwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ fi mọ̀ pé béèyàn bá rọra ha 25, ó ṣeé tún kọ di 75. Lọ́dún 1771, ìjọba kó gbogbo 75 kúrò nílẹ̀, kò sì tẹ irú rẹ̀ mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé Napoleon, olú-ọba Faransé, náà tẹ owó Rọ́ṣíà? Ayédèrú ni o. Ó wà lára ohun ìjà tó fi gbógun wọ ilẹ̀ náà lọ́dún 1812. Iṣẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ tún mọ́ ju ojúlówó lọ, àmọ́ ibi méjì ni àṣírí ti tú. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ ìbuwọ́lùwé mọ́ ọn, nígbà tó jẹ́ pé yíǹkì ni wọ́n fi kọ ti ojúlówó. Ẹni tó gbẹ́ lẹ́tà rẹ̀ kò sì gbọ́ èdè Rọ́ṣíà: D àti L jọra nínú álífábẹ́ẹ̀tì wọn, nítorí náà, lórí àwọn kan, L ló wà níbi tó yẹ kí D wà nínú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí “ti ìjọba”. Àwọn tó ń ṣa owó àtijọ́ jọ ń fi owó gidi ra ayédèrú yìí lónìí, àṣìkọ yẹn gan-an ni wọ́n sì ń wá.

Kì í ṣe orí bébà nìkan ni wọ́n tẹ owó sí. Abẹ́ Rọ́ṣíà ni Alaska wà títí wọ́n fi tà á fún Amẹ́ríkà lọ́dún 1867. Russian-American Company, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòwò awọ onírun níbẹ̀, tẹ owó tirẹ̀ sórí awọ ẹran òkun. Wọ́n gé igun àwọn kan, wọ́n lu ihò sára òmíràn, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè dá iye rẹ̀ mọ̀.

Lọ́dún 1818, ilé ìtẹ̀wé owó tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní St. Petersburg, ẹ́ńjíníà ọmọ Sípéènì kan, Agustín de Betancourt, ló sì darí rẹ̀. Nínú ilé yẹn ni Ivan Orlov ti ṣe ẹ̀rọ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890 tó ń tẹ àwọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlà tín-ínrín kan lè bẹ̀rẹ̀ ní pupa, kó di àwọ̀ ewé, kó di àwọ̀ aró, láìsí ibi tó o ti máa rí oríkèé. Lójú tèmi, òun ló rẹwà jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Àwa ń pe náírà 20 ní Múrí nítorí Murtala, àbí? Àwọn náà pe rúbù 100 tó ní àwòrán Catherine ní Katenka, wọ́n sì pe 500 tó ní àwòrán Ọba Peter Ńlá ní Petenka. Orúkọ ìkẹ́ ni méjèèjì. Petenka ọdún 1912 gùn tó sẹ̀ǹtímítà 27. Kò sí àpò ṣòkòtò tó lè gbà á láìjẹ́ pé o ká a.

Wàyí o, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: ọdún tó wà lára owó kì í ṣe ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Rúbù kan tó gbé 1898 lára lè jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1916. Ìbuwọ́lùwé ọ̀gá báńkì ìjọba ni kó o wò. Pleske ló wà níbẹ̀ títí di 1903, Timashev tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Konshin, lẹ́yìn náà Shipov. Rúbù 1898 tó ní ọwọ́ Pleske ṣọ̀wọ́n. Ti Shipov pọ̀ bí erùpẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kó o wá fi owó ńlá ra Shipov nítorí pé ó ti pẹ́, dá a lóhùn pé òkúta náà ti pẹ́. Má sì fi áyọ́ọ̀nù tẹ owó àtijọ́, má fọ̀ ọ́, má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn.

Kí ló dé tí ti Shipov fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n kọ ọ́ sára owó 1898 pé báńkì yóò fi wúrà pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, iyekíye tó bá mú wá. Ogun Àgbáyé Kìíní dé lọ́dún 1914, wọ́n dá wúrà sísan dúró, ìlérí náà ṣì wà lára bébà. Ó lé ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ rúbù bébà tó wà nílẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀; nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 1917, ó ti súnmọ́ bílíọ̀nù mẹ́wàá. Àyè kò sí mọ́ láti fún bébà rúbù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ni àìmọye wọn bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà.

Owó fàdákà wẹ́wẹ́ pàápàá di àwátì, nítorí gbogbo ayé ti kó o pa mọ́. Lọ́dún 1915, ìjọba tẹ sítáǹbù ìfìwéránṣẹ́ sórí bébà líle, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé owó fàdákà ni ká kà á sí. Èyí tó jẹ́ kópẹ́kì 10 ní ojú Ọba Nicholas Kejì lára.

Lẹ́yìn tí Nicholas gbé adé sílẹ̀ ní 1917, ìjọba onígbà díẹ̀ tí Kerensky darí tẹ owó kékeré tí kò ní nọ́ńbà, tí kò ní ìbuwọ́lùwé. Odindi abala ló ń dé, sísọ́ọ̀sì làwọn ènìyàn sì fi ń gé e bó ṣe wù wọ́n. Kò wu ẹnikẹ́ni láti tọ́jú rẹ̀. Owó ọba ni wọ́n ń kó pa mọ́ sábẹ́ pákó ilẹ̀, bóyá ọba lè padà wá. Bolshevik tó gbàjọba mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lo àwo ìtẹ̀wé ọba, wọ́n sì ń tẹ owó rẹ̀ lọ, pẹ̀lú orúkọ Shipov tó ti kúrò lórí oyè. Lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ṣíwájú lára rẹ̀ lo máa fi mọ̀ bóyá ọba ló tẹ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, tàbí àwọn tó pa á.