Nígbà tí ẹ̀rù ba àwọn òṣìṣẹ́ ní Yaba: Ohun tí àwọn ọ̀gá lè rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ Ebola

Bí ọ̀gá bá rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ń sá fún iṣẹ́, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni pé ọ̀lẹ ni wọ́n, tàbí pé wọn kò gbọ́ràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yaba, l'Ékòó, lọ́dún 2014 fi hàn pé ọ̀rọ̀ lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa kò ní í tíì gbàgbé. Ní 20 oṣù Keje ọdún náà ni Patrick Sawyer, ọmọ ilẹ̀ Làìbéríà, fi bàálù gbé Ebola wọ Èkó. Àwọn dókítà ilé-ìwòsàn ìjọba ti wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn, ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbaléndé ni wọ́n sì gbé e lọ. Dókítà Ameyo Adadevoh kò jẹ́ kó jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan láti ìlú rẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò LUTH ní Ìdí-Àràbà, lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Sunday Omilabu, ni àṣírí àìsàn náà ti tú. Sawyer kú. Nígbà tó di 19 oṣù Kẹjọ, Adadevoh náà kú.

Ilé-ìwòsàn àrùn tó ń ràn ní Yaba ni ìjọba ní kí wọ́n máa kó àwọn tó bá lùgbàdì rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ilé wà, àmọ́ ta ni yóò wọlé tọ àwọn aláìsàn? Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó gbà kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ta ló lè bá wọn wí? Wọ́n ń gbọ́ bí Ebola ṣe ń pa àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Guinea, Làìbéríà àti Sàró. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ ìdáàbòbò, débi pé wọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà tí èèyàn bá ń bọ́ ọ gan-an ni ewu pọ̀ sí jù. Oṣù Kẹjọ yẹn náà ni àhesọ omi iyọ̀ gba ìlú kan, táwọn èèyàn ń jí lóru wẹ omi iyọ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera kì í ṣe igi, àárín àwọn èèyàn yìí náà ló ń gbé.

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Dókítà Jide Idris, tó jẹ́ Kọmíṣánnà fún ètò ìlera l'Ékòó nígbà náà, jáde sọ fáráyé pé òṣìṣẹ́ kò tó. Ó bẹ àwọn tó bá lè yọ̀ǹda ara wọn, ó sì ṣèlérí adójútòfò ẹ̀mí fún wọn. Lójú tèmi, ìjẹ́wọ́ yẹn ṣiṣẹ́ ju àṣẹ lọ. Ọ̀gá tó bá ń ṣe bíi pé kò séwu, ṣebí ojú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ náà ríran. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń kọ́ àwọn tó gbà. Dókítà David Brett-Major, tí Àjọ Ìlera Lágbàáyé rán wá, fúnra rẹ̀ ń wọ yàrá àwọn aláìsàn lọ. Ẹni tó ń kọ́ wọn kò dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n tún ní kí Dókítà Faisal Shuaib, tó ti ń bá wọn gbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀, máa darí ibùdó àkóso ètò náà. Ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ Èkó àtàwọn àjọ ilẹ̀ òkèèrè jọ jókòó síbì kan. Wọ́n pín iṣẹ́: àwọn kan ń tọ́jú aláìsàn, àwọn kan wà ní pápákọ̀ òfuurufú, àwọn kan ń la ìlú lọ́yẹ̀. Àwọn mìíràn ń tọ ẹsẹ̀ àwọn tó ti fara kan aláìsàn, wọ́n ń wo bí ara wọn ṣe gbóná sí fún ọjọ́ 21. Èèyàn 894 ni wọ́n tọpa, ìbẹ̀wò wọn sì tó nǹkan bí 18,500. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí àrùn náà yóò yọ sí lọ́la, ṣùgbọ́n kálukú mọ ilé tí òun máa lọ láàárọ̀ òní. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tàbí alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí nǹkan bá dojú rú mọ́ lọ́wọ́ lè ṣe irú rẹ̀ láìná kọ́bọ̀.

Èèyàn 20 ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Ní 20 oṣù Kẹwàá 2014, Àjọ Ìlera Lágbàáyé kéde pé Ebola ti kúrò nílẹ̀ wa. Nígbà tí àyẹ̀wò sì fi hàn ní 27 oṣù Kejì 2020 pé ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan ti gbé kòrónà wọlé, Yaba yìí kan náà ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Ní 20 oṣù Kẹta, ó padà sílé ní àlàáfíà.